Oníbodè tó Ti Ẹnubodè Mẹ́ta Pa

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ dù máa ń pa á, ẹni tí àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀ máa ń pa á, kódà ẹni tí kò ná ọjà rí láyé rẹ̀ ń fi ẹnu wọ́ ọ kiri. Àmọ́ bí a bá ní kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́kọ́ pa á àti ọjà tó ń bá wí, ẹnu gbogbo wa a wọ́hò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọlọ́gbọ́n kan tó jókòó tó ń ronú kọ́ ló pa á. Obìnrin tó ń ta òrí ni, ọkọ rẹ̀ ló sì pa á fún.

Ìlú kékeré kan wà láyé ọjọ́un tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Emi. Kò ní ju ogún agboolé lọ. Kò ní wúrà, kò sì sí létí òkun. Ohun tó ní ni ọjà. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, àwọn ará abúlé a sì gba ọ̀nà mẹ́rin wá síbẹ̀. Ẹ̀wà ń ti àríwá wá, iṣu ń ti ìlà-oòrùn, epo pupa ń ti gúúsù, ìkòkò amọ̀ sì ń ti Ìlámọ̀ wá ní ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti wọ inú odi ìlú, ẹnubodè kan wà níbẹ̀, oníbodè kan sì wà tó ń gba ẹyọ owó márùn-ún lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Owó yìí ni ìlú fi ń tún odi ṣe, òun ni wọ́n fi ń yẹ ọ̀nà, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ kànga.

Àbí kí n sọ pé òun ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe é. Olóyè mẹ́rin ló ń jókòó ní ẹnubodè mẹ́rin, àdéhùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì ni pé ìdajì owó jẹ́ ti ìlú, ìdajì jẹ́ ti olóyè. Ta ló ń pín in? Olóyè náà ni. Ìdajì ti olóyè a wá máa tó ìlọ́po mẹ́ta ìdajì ti ìlú. Ìṣirò àgbà nìyẹn, ọmọdé kì í bèèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, kànga méjì tó wà ní Ìdí-Emi gbẹ láàárín ọdún kan náà. Odò tó sún mọ́ wọn jù jẹ́ ìrìn ìdajì ọjọ́. Àwọn obìnrin ń pọnmi títí ọrùn wọn fi wọ inú. Onídìí, ọba ìlú náà, ránṣẹ́ pe àwọn agbẹ́kànga láti òkèèrè. Wọ́n ní àwọn lè gbẹ́ kànga mẹ́ta, ọ̀kẹ́ owó kan gbáko ni àwọn sì máa gbà. Wọ́n yẹ àpò ìlú wò. Bí wọ́n bá kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ, kò lè ra ewúrẹ́ méjì.

Ọba pe ìgbìmọ̀, àwọn olóyè sì ń wolẹ̀. Òjédòkun, oníbodè àríwá, ló dìde. Òun ló kéré jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti àwọn yòókù o: Òjédòkun kì í jalè. Àléébù tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú tó ọgbọ́n orí ara rẹ̀.

"Kábíyèsí," ó wí, "ìkòkò tó jò níbi mẹ́rin ò lè kún. Ẹ jẹ́ kí a ti ẹnubodè mẹ́ta pa, kí gbogbo èrò máa gba iwájú mi kọjá. Mi ò ní mú ìdajì, mi ò ní mú ẹyọ kan. Kí ọyẹ́ tó dé, owó kànga á pé."

Ọba wò ó láti òkè délẹ̀. "Bí kò bá pé ńkọ́?"

"Kí ẹ ṣí fìlà oyè lórí mi."

Àwọn olóyè mẹ́ta tó kù kùn bí oyin, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ la ẹnu sọ pé kí wọ́n má ti ibi tí òun ti ń jẹun? Ọba fọwọ́ sí i. Wọ́n wọ́ ìtì igi dí ẹnubodè mẹ́ta, wọ́n kó ẹ̀gún lé e.

Nígbà tí Òjédòkun délé, ó ròyìn fún Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tó ń po òrí lọ́wọ́ nínú àwo ńlá kan. Àwẹ̀ró kò dá ọwọ́ dúró.

"Àwọn amọ̀kòkò Ìlámọ̀ ńkọ́?" ó bèèrè. "Kí wọ́n tó yí odi ká dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ìkòkò lórí, ọjà á ti tú."

"Wọ́n á tètè jí. Àbí wọ́n ní ọjà mìíràn ni?"

Àwẹ̀ró ń po òrí rẹ̀ lọ. Obìnrin tó ti bí ọmọ márùn-ún fún ọkùnrin mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa wọ ọ létí àti ìgbà tó kàn máa gba orí rẹ̀ fò kọjá.

Ọjà àkọ́kọ́, owó wọlé ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ọjà kejì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọba rán obì sí Òjédòkun, Òjédòkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ilẹ̀ kò tó tẹ̀. Kò rí i pé èrò to láti ẹnubodè rẹ̀ títí dé ìdí ọ̀pẹ ìsàlẹ̀ ọ̀nà, pé ẹ̀fọ́ ti ń rọ lórí àwọn tó rù ú, pé àwọn elépo ń dé ọjà nígbà tí oníbàárà ti ń lọ sílé. Ní ọjà kẹta, èrò dín. Ní ọjà kẹrin, ó tún dín.

Ẹ̀yin náà á ti rò pé ó máa bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Rárá o. Ó ní bí èrò bá dín, kí owó ẹrù pọ̀. Ó sọ ẹyọ márùn-ún di mẹ́wàá, ó sọ mẹ́wàá di ogún. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó ní kí wọ́n máa sanwó lórí òṣùká tí wọ́n fi ru ẹrù, nítorí òṣùká náà ń wọ ìlú. Obìnrin oníṣu kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó yọ òṣùká lórí, ó fi lé Òjédòkun lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, bàbá," ó wí. "Ẹ fi ru owó yín lọ sílé."

Ó sì gbé iṣu rẹ̀ padà sí oko. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yí padà tẹ̀lé e.

Ní ọjà kẹjọ, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ohun kan ṣoṣo tó wọlé ni ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ ìlú náà sì ni, ibi tó ti lọ jẹko ló ti ń bọ̀. Òjédòkun yẹ ọ̀kẹ́ owó wò, kò tíì dé ìdajì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti ń gbẹ ètè. Bàbá rẹ̀ kò joyè rí, bàbá bàbá rẹ̀ kò joyè rí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fìlà náà dé lórí nínú agboolé wọn. Ó tún rántí ìyá rẹ̀ arúgbó, tó ń fi ahá omi kan ṣoṣo wẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á.

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ fún un. Ìkòkò ọbẹ̀ náà tuntun, epo sì leefó lójú ọbẹ̀. Òjédòkun tẹjú mọ́ ọn.

"Níbo lo ti rí epo àti ìkòkò?"

"Ọjà ni."

"Ọjà wo? Ìwọ ò gba iwájú mi jáde, elépo kankan ò sì gba ibẹ̀ wọlé."

"Ẹ jẹun, baálé mi. Ọbẹ̀ ń tutù."

Ó jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ náà dùn, ìyẹn ló tilẹ̀ wá bí i nínú jù.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, kò lọ sí ẹnubodè. Ó jẹ́ kí Àwẹ̀ró gbé igbá òrí jáde, ó sì tẹ̀lé e lókèèrè. Àwẹ̀ró gba ẹ̀yìnkùlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn tí ẹ̀gún wà, ó dé ibi tí òjò ti wó odi, ó sì gba ibẹ̀ jáde bí ẹni tó ń wọ yàrá rẹ̀. Òjédòkun bẹ ojú wo ìta.

Ọjà ló rí. Ọjà Ìdí-Emi gan-an, lábẹ́ àwọn igi emi tó wà lẹ́yìn odi. Àwọn amọ̀kòkò to ìkòkò, àwọn elépo to epo. Obìnrin tó fi òṣùká lé e lọ́wọ́ ti tà ju ìdajì iṣu rẹ̀ lọ. Àwọn ìyàwó olóyè mẹ́ta wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń dáná fún ọba fúnra rẹ̀ ń ná ata. Bí wọ́n ṣe rí Oníbodè, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn igi, alásè ọba sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ìkòkò ńlá kan.

Àwẹ̀ró nìkan ni kò sá. Ó ń bu òrí sórí ewé fún oníbàárà rẹ̀.

"Àwẹ̀ró! Ìwọ náà?"

"Èmi náà ni, olówó orí mi."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ṣí fìlà lórí mi ni?"

"Bí mo bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti ká ọwọ́ gbera kí ebi pa yín pa fìlà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ti ọ̀nà mẹ́ta pa, a la òmíràn. Bí ẹ bá dí èyí lónìí, a ó la tuntun lọ́la. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, baálé mi."

Ìyá amọ̀kòkò kan láti Ìlámọ̀, ẹni tí orí rẹ̀ ti funfun, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Àwa ò kọ owó ibodè o, Olóyè. Láti ayé ìyá wa la ti ń san án. Kànga tí ẹ fẹ́ gbẹ́, àwa náà á mu nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ká máa ru ìkòkò yí odi ká la kọ̀."

Òjédòkun lè pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú kí wọ́n wá kó gbogbo ẹrù náà. Ó rò ó, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Àmọ́ ó wo ìkòkò, ó wo epo, ó wo iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, ó rí i pé kò sí ìgbà kan tí ẹnubodè òun rí èrò tó bẹ́ẹ̀, kódà ní ọjà àkọ́kọ́. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Obìnrin aláta kan tí kò mọ̀ ọ́n rí bi í bóyá ó máa rajà àbí ó kàn wá gba atẹ́gùn. Òjédòkun bú sẹ́rìn-ín. Láti oṣù kan, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Kò dúró kí ẹnì kan lọ ròyìn fún ọba. Ó ṣí fìlà náà fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́ lọ sí ààfin, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: owó òṣùká, ewúrẹ́, ọjà ẹ̀yìn odi, àti ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ. Nígbà tó dórí alásè ọba tó sá sẹ́yìn ìkòkò, Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà kò ṣòro. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó ẹrù di ẹyọ mẹ́ta, òṣùká sì bọ́. Olóyè kankan kò ní fọwọ́ kan owó mọ́: wọ́n á ri ìkòkò ọlọ́rùn tóóró kan mọ́lẹ̀ ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ru ẹrù á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju owó sínú rẹ̀. Ní ọjà kẹrin-kẹrin, wọ́n á gbé ìkòkò náà sí àárín ọjà, wọ́n á fọ́ ọ lójú gbogbo ayé, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa san owó ọ̀yà fún àwọn oníbodè. Inú àwọn olóyè mẹ́ta náà kò dùn. Ti àwọn amọ̀kòkò dùn dé ọrùn, nítorí ìkòkò tí ìlú bá fọ́, ìlú á tún un rà.

Ọ̀rọ̀ wá ku fìlà. Ọba ní kí Òjédòkun gbé e dé. Ṣùgbọ́n ó ní ìjìyà kan wà: ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ó lọ dúró ní ẹnubodè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ohùn òkè sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti àríwá, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lábẹ́ aṣọ lọ. Nígbà tó dé ìlà-oòrùn, àwọn ọmọdé ti ń gbè é. Ní gúúsù, àwọn elépo pàtẹ́wọ́ fún un, ara rẹ̀ sì yá. Ìgbà tó fi dé ìwọ̀-oòrùn, ó ti ń fi gbogbo agbára kígbe pé, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà o! Ẹ gba ibi tó bá yá yín!" Àwẹ̀ró ń ti ìdí igi emi wọlé bọ̀ pẹ̀lú igbá òrí lórí. Ó ju ẹyọ mẹ́ta sínú ìkòkò, ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì bi í lójú gbogbo èrò pé, "Olóyè, ọ̀rọ̀ yín yìí mà dára o. Ta ló kọ́ yín?"

Òjédòkun ṣí fìlà fún un. "Ìyàwó mi ni," ó wí.

Kànga mẹ́ta kò pé lọ́dún náà o. Méjì ni owó ká, wọ́n gbẹ́ ẹ̀kẹta lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n òwe náà ti bá àwọn amọ̀kòkò dé Ìlámọ̀, ó bá àwọn elépo dé gúúsù, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn àgbà bá rí ẹni tó rò pé bí òun bá di ẹnu ọ̀nà, kò sí ibi tí ẹlòmíràn máa gbà jẹun, wọ́n á sọ fún un pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n á sì tún sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, tó jókòó síbẹ̀ tó ń sunkún, kí ó lè dìde, kí ó wá ibòmíràn gbà.