Omi Tí Awẹ́ró Gbé Gun Òkè Aláwòrán

Ohun tí a kò rí kọ́ ni kò sí. Ojú tí ó bá dọ̀tí, omi ni à ń fi bọ́ ọ. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó jáde fún Awẹ́ró, ọmọ alágbẹ̀dẹ idẹ ìlú Abẹ́òkè, nígbà tí iṣẹ́ ilé bàbá rẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun àti Ògúndépò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọn a fi ìda oyin mọ ẹ̀gbà ọwọ́, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ́ ìda náà jáde, wọn a sì da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ó gbé ilé wọn ga ju ilé yòókù lọ. Lórí òkè ìlú náà, lábẹ́ àpáta ńlá kan tí òjò kì í dé, àwọn ará àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn mọ́ ti fi erùpẹ̀ pupa ya ẹranko àti ènìyàn. Alágbẹ̀dẹ ilé náà a gun òkè lọ, a wò wọ́n títí ojú rẹ̀ yóò fi yó, a sì sọ̀ kalẹ̀ wá fi ìda mọ ohun tí ó rí.

Kí bàbá wọn tó kú, eruku àti èéfín iná àwọn ọdẹ ti bo ojú àpáta náà. Awẹ́ró a wò ó, kò níí rí ju òjìji lọ. Ó wá ń mọ ohun tí ó rántí, ohun tí ó sì rántí ń dínkù. Ààfin dá ẹ̀gbà wọn padà, wọ́n ní kò yàtọ̀ sí ti orí àtẹ. Olorì tuntun ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Bí ẹ̀gbà tí yóò wọ̀ wọ ààfin kò bá ti ọwọ́ wọn jáde, ilé mìíràn ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún ọba.

Ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá mú ọ̀nà pọ̀n, wọ́n tọ Ìyá Omídùn lọ, arúgbó tí ń fi owó ẹyọ ṣàyẹ̀wò létí odò.

Awẹ́ró kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ bá wa wò ó, kí iṣẹ́ bàbá wa má kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Arúgbó náà da owó ẹyọ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Ire ni, ọmọ mi. Àwọn tí ó ya àwòrán kò bínú, wọn kò sì lọ. Ojú wọn ni ó dọ̀tí. Ẹbọ ni kí ẹ rú."

"Kí ni a ó fi rú u, Ìyá?"

"Omi odò ìdájí, nínú igbá tuntun, àti ìgbín, kí ara lè tù wọ́n. Kí kálukú yín bọ́ ẹ̀gbà tí bàbá yín fi sí i lọ́wọ́ kí ó tó kú, kí ó fi lélẹ̀ níbẹ̀. Apá ibi tí kálukú máa ń wò lára àpáta náà ni kí ó da omi sí. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi ohunkóhun ha á."

Ògúndépò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ dákun, òùngbẹ ń gbẹ òkúta ni? Idẹ bàbá mi kọ́ ni n ó gbé fún un." Arúgbó náà ń kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí, kì í tán síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lójú Ògúndépò, inú erùpẹ̀ pupa náà ni agbára wà. Ó gun òkè, ó fi ọ̀bẹ ha apá tirẹ̀ lára àpáta, ó gbá erùpẹ̀ náà jọ, ó pò ó mọ́ amọ̀. Nígbà tí idẹ tutù tí ó fọ́ amọ̀, ẹ̀gbà náà jáde pẹ̀lú ihò lára bí ewé tí kòkòrò jẹ.

Awẹ́ró sunkún kí ó tó bọ́ ẹ̀gbà tirẹ̀. Ẹ̀gbà náà nìkan ni ó kù lára ohun bàbá rẹ̀ tí ó lè fi ọwọ́ kàn. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ àpáta, ó fi ìgbín tì í, ó sì da omi odò sí apá tirẹ̀.

Omi ń ṣàn, eruku ń bá a lọ. Àgbọ̀nrín ni ó kọ́kọ́ yọjú, ó pupa bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí ó di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń jó, àwọn tí bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ wọn fún un rí, nítorí pé bàbá rẹ̀ pàápàá kò rí wọn. Obìnrin kan wà láàárín wọn, ó gbé apá sókè, ẹ̀gbà sì wà ní apá náà. Ẹ̀rù ba Awẹ́ró, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ìṣáájú," ni ó wí.

Ohun tí ó rí ni ó fi ìda mọ. Lọ́jọ́ tí olorì wọ̀lú, ó gbé apá sókè láti kí àwọn ènìyàn, gbogbo ojúde ọba sì ń wo ẹ̀gbà Awẹ́ró tí ó ń dán ní apá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilé Awẹ́ró kò ṣófo. Iṣẹ́ ń wọlé, ọmọ ń kọ́ṣẹ́, ọba fi oyè dá a lọ́lá.

Ògúndépò wá bá a. "Àbúrò mi, mú mi lọ."

Wọ́n jọ gùn ún. Ó bọ́ ẹ̀gbà bàbá rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó da omi sí apá tirẹ̀. Òkúta tutù, òkúta gbẹ. Ó tún dà á. Àwòrán kankan kò yọ, nítorí pé ọ̀bẹ rẹ̀ ti ha á kúrò.

Ẹni tí ó rúbọ ni ẹbọ gbè. Ẹni tí ó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín, òun ni ó ń gbé omi gun òkè náà títí ó fi darúgbó, tí ó ń dà á sí òkúta lásán.