Ọjà Ẹja Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Pariwo
Ní erékùṣù kan lójú òkun Kàríbíà, Ọ̀gbẹ́ni Prescod ló ni etíkun tí wọ́n ti ń ta ẹja, òun náà ló sì ni òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pàṣẹ pé ẹni tó bá tún kígbe polówó ẹja yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, nítorí ariwo ọjà ń jí àwọn àlejò òun. Ọjà pa lọ́lọ́, ẹja sì fẹ́ máa bàjẹ́ nínú oòrùn. Nígbà tí Prescod àti àwọn àlejò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá wòran, ó dúró níwájú àtẹ Eudora, opó kan tó ń ta ẹja. "Ṣé ẹja òní nìyí?" Eudora dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìgbì òkun sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí lo wí?" Eudora tún sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Prescod na etí títí, kò gbọ́ nǹkan kan, àwọn àlejò sì ń rẹ́rìn-ín. Inú bí i, ó jágbe mọ́ ọn: "Obìnrin yìí, gbé ohùn sókè, kí gbogbo ayé gbọ́!" "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Eudora wí. Ó gun orí àpótí yìnyín, ó figbe ta: "Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun! Ọ̀gá ní ká gbé ohùn sókè!" Ni gbogbo ọjà bá hó yèè: "Ẹja tútù rèé o! Ẹja òní rèé!" Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n rọ́ lọ sídìí àtẹ. Prescod ń ké pé òun ti fagi lé àṣẹ tuntun náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí.