Àwẹ̀ró Tó Ń Po Amọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ní ìgbà kan rí, ènìyàn àti ẹranko jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan. Àgbàdo wọn ti gbẹ lóko, òjò sì ń ṣú bọ̀. Bí wọn ò bá tètè mọ àká tí wọ́n á kó o sí, yóò jẹrà, ebi á sì pa tọmọdé tàgbà.

Ẹfọ̀n ni olórí iṣẹ́. Ọkùnrin ló ń mọ ògiri, obìnrin ló ń fẹsẹ̀ po amọ̀. Tóúnjẹ bá dé, àwọn ọkùnrin á jẹ yó tán, àwọn obìnrin á wá fá ìdí ìkòkò.

"Ṣé obìnrin ò ṣiṣẹ́ ni, Ìyá Àgbà?" Ọmọ kan ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi bi Ẹfọ̀n!

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ wo obìnrin! Tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ amọ̀, ó ti mọ̀ bóyá ó kúnná. Lọ́jọ́ kan, ó ní: "Bàbá Ẹfọ̀n, amọ̀ yìí ò tíì kúnná. Ìpele tẹ́ ẹ mọ lánàá náà ò tíì gbẹ."

Ẹfọ̀n fọnmú. "Látìgbà wo lobìnrin ti ń sọ̀rọ̀ nídìí ògiri? Po amọ̀ rẹ!"

Ó dun Àwẹ̀ró dọ́kàn. Wọ́n mọ ìpele kejì, wọ́n gbé ìkẹta lé e. Gbìrìgbìrì! Gbogbo ògiri wó lulẹ̀.

"Háà!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ebi ń bọ̀. Ẹfọ̀n ò lè gbójú sókè. "Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, báwo la ó ti ṣe é?"

"Màá fi hàn yín, Bàbá. Àmọ́ inú abọ́ kan náà ni gbogbo wa ó ti máa jẹun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ ni kó mọ ògiri, ìbáà ṣobìnrin. Ẹ̀yin náà ẹ ó sì wọnú amọ̀."

Ẹfọ̀n wojú ọ̀run, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú amọ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣó ti tó?"

Ẹ bá mi dá a lóhùn!

"Ó kù díẹ̀, Bàbá!"

"Àwẹ̀ró, ṣó ti tó?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá!"

Nígbà tó tó, Àwẹ̀ró fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìpele kìíní, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí dókè. Ọjọ́ tí wọ́n bo òrùlé tán, tí wọ́n sì kó àgbàdo wọlé, ni òjò dé. Ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àká ò mira. Kò sọ́mọ tó febi sùn lọ́dún náà.

Nígbà tí wọ́n tún ń mọ ilé mìíràn, wọ́n gbóúnjẹ dé. Àwọn ọkùnrin nawọ́. Ẹfọ̀n lu ọwọ́ wọn padà.

"Ẹ dúró. Àwẹ̀ró ṣì ń fọ ẹsẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ọmọ: tọkùnrin tobìnrin tó bá jọ ń ṣiṣẹ́, ká gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn bákan náà, ká sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ kan náà.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ògiri tí mo fẹ̀yìn tì yìí wó. Ẹ wò ó, ó dúró digbí!