Ọjọ́ Ìfọnú Ọkọ̀ ní Ìdí-Ọsán

Ní ayé ìgbà tí owó kòkó ṣì ń kọ́lé, awakọ̀ kan wà ní Ìdí-Ọsán tí ń jẹ́ Lásísì. Bọ̀lẹ́kájà onípákó ló ń wà, èyí tí fèrè rẹ̀ máa ń jí ewúrẹ́ lójú oorun. Òkè Olókùúta ló dábùú ọ̀nà ìlú náà. Bí àwọn awakọ̀ mìíràn bá débẹ̀, wọn a ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ gùn ún. Èrò Lásísì kò sọ̀ kalẹ̀ rí. Ìdí èyí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Má-sọ̀kalẹ̀, ó sì fẹ́ràn orúkọ yìí ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Lọ́dọọdún, bí kòkó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, Lásísì a gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi ọsán. A wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, a tú ìdí ẹ́ńjìnì àti ìdí gíà, a jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ro tán kó tó rọ tuntun sí i. Ọjọ́ ìfọnú ọkọ̀ ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà, nítorí ó jọ bí àwọn ìyá ṣe ń fún ọmọ lágbo ìfọnú nígbà ọyẹ́. Àwọn obìnrin a dimú kọjá. Àwọn ọdẹ a gbé agolo wá gba díẹ̀ tí wọn yóò fi pa ìbọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀jẹ́wùmí kápẹ́ńtà, bàbá Morẹ́nikẹ́, ló máa ń kọ́kọ́ dé, tòun ti garawa rẹ̀. Ọ́ìlì gíà ló ń wá ní tirẹ̀. Ó ki, ó ń rùn, bó bá sì fi pa igi òrùlé, ikán kò jẹ́ sún mọ́ ọn.

“Ẹ kú ìgbẹ́ ọkọ̀ o!” ni yóò kígbe láti òkèèrè.

“Bàbá Morẹ́, ẹ ò tiẹ̀ kí èmi tí mo ni ín?”

“Ṣé ìwọ ni ikán ń sá fún ni?”

Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú kirikiri, koríko kì í hù níbẹ̀.

Nígbà tó yá, bọ̀lẹ́kájà darúgbó. Lásísì tà á, ó ta oko kòkó rẹ̀ kan mọ́ ọn, ó sì lọ sí ìlú ńlá lọ ra bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó tà á fún un na ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ náà, ó ní, “Bàbá, ẹ gbàgbé sípánà. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti dí gíà eléyìí pa. Ọ́ìlì inú rẹ̀, títí láé ni. Ẹni tó bá ṣí i ló bà á jẹ́.” Inú Lásísì dùn. Ẹ̀yìn ti ń ro ó, kò sì wù ú láti máa nà gbalaja sórí ilẹ̀ mọ́.

Àsìkò ìfọnú pé, Ọ̀jẹ́wùmí sì gbé garawa rẹ̀ dé.

“Eléyìí kì í yàgbẹ́ o, Bàbá Morẹ́.”

“Ṣé ó ń jẹ?”

“Ó ń jẹ.”

“Ó ń rìn?”

“Bí ẹtu!”

“Níbo ló wá ń kó ohun tó jẹ sí?”

Lásísì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọkọ̀ ayé òde òní nìyí. Ẹ lọ ra oògùn ikán.”

Ọ̀jẹ́wùmí gbé garawa lọ sílé. Ọdún ń gorí ọdún, adìẹ wá ń yé ẹyin sínú garawa náà. Nígbà mìíràn, bí Lásísì bá ń kọjá lábẹ́ igi ọsán, a dúró díẹ̀, a máa wo ilẹ̀. Koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí hù níbi tó dúdú. Ohun kan a sì ṣe é lọ́kàn bí ẹni pé ará ilé rẹ̀ kan ti rìnrìn àjò. Gíà ọkọ̀ ti ń kùn nígbà náà, bí ẹni tí ń rún yangí lẹ́nu. Rédíò ni Lásísì máa ń yí sókè.

Ọjọ́ ìgbéyàwó Morẹ́nikẹ́, ọmọ Ọ̀jẹ́wùmí, pé. Òdìkejì òkè ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn lọ kápẹ́ńtà, ó kọ̀ jálẹ̀. “Ọmọ mi kò ní fẹsẹ̀ gun òkè lọ sílé ọkọ. Má-sọ̀kalẹ̀ ni yóò gbé e.”

Ìyàwó, bàbá rẹ̀ àti àwọn èrò ń kọrin nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé agbedeméjì òkè. Lásísì fẹ́ pààrọ̀ gíà. Irin ha irin, ọkọ̀ gbọ̀n, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Ó fi gbogbo ara tẹ bíréèkì. Orin dákẹ́. Ó gbìyànjú títí, gíà kò wọlé. Nígbà tí kò sí ohun tó kù tó lè ṣe, ó sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ rí lórí òkè yẹn:

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Wọ́n fi òkúta dí táyà. Lásísì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ìdí gíà. Kò sí ohun tó ṣàn. Ohun kan tó dà bí ọṣẹ dúdú tí oòrùn ti pa ló já bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀rún irin sì ń dán nínú rẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò bínú. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa ajá tó kú ló ṣe sọ ọ́:

“Láti ọjọ́ tó ti ń jẹ, Lásísì, kò yàgbẹ́ rí. Inú ló pa á.”

Wọ́n fẹsẹ̀ gun òkè náà tán. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, nígbà tí wọ́n bomi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀, erùpẹ̀ òkè mú kí omi náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyálé kan bú sẹ́rìn-ín, “Ìyàwó wa, ṣé oko ebè lẹ ti ń bọ̀ ni?” Lásísì tó dúró lẹ́yìn èrò gbọ́ ọ, ó sì tẹ orí ba.

Ó tún ọkọ̀ náà ṣe. Nígbà tí kòkó kásẹ̀ nílẹ̀, ó gbé e lọ sábẹ́ igi ọsán, ó fi àdá ro koríko ibẹ̀ kúrò, ó sì na gbalaja sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn kan lókèèrè: “Ẹ kú ìgbẹ́ ọkọ̀ o!” Ọ̀jẹ́wùmí ti lé adìẹ kúrò nínú garawa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún pe Lásísì ní Má-sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kápẹ́ńtà sọ lórí òkè ló wà lẹ́nu gbogbo ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdí-Ọsán fi ń pa á lówe pé, ohun tó bá ń jẹ tí kì í yàgbẹ́, inú ni yóò pa á.