Olùṣọ́ Ibú Àbíkẹ́yìn

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan tí odò kékeré gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àgbẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé, bí ó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí àwọn méjì bá ń jà sí ààlà oko, òun ni wọ́n máa ń pè wá jẹ́rìí, ẹni tó bá sì gbè lẹ́yìn ló jàre.

Ẹja kan wà nínú odò náà tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òun ló kéré jù nínú gbogbo ẹja ibẹ̀. Ìlà pupa kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti orí títí dé ìrù. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Bí ó bá kó sí àwọ̀n, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dà sómi, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Ní ọdún kan, obìnrin kan wá láti yunifásítì. Ìmọ̀ ẹja ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ odò náà láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tó ti wọ odò ńlá. Ó wọ àwọn odò mìíràn tó wà ní àgbègbè náà pẹ̀lú. Nígbà tó parí, ó bẹ baálẹ̀ kí ó bá òun pe àwọn ènìyàn jọ. Ó sọ fún wọn pé òun kò rí àbíkẹ́yìn níbòmíràn. Ó ní ní ibí pàápàá, ó ti kù díẹ̀, nítorí àwọn igi etí odò tí wọ́n ń gé, àti oògùn tí àwọn kan ń dà sómi láti fi pa ẹja. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, ibú kan ṣoṣo ni gbogbo àbíkẹ́yìn tó kù máa ń sá sí, lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá. Àárín òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ibú náà ni wọ́n ń yé ẹyin wọn sí. Ẹni tó bá ba ibẹ̀ jẹ́ ti ba ìran wọn jẹ́.

Ìyá àgbà kan bi í pé kí ni ẹja tí kò kún ọwọ́ fẹ́ ṣe fún àwọn.

Ó dáhùn pé, “Màmá, mi ò tíì mọ gbogbo ohun tó wà fún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bó bá lọ, kò sẹ́ni tó lè pè é padà.”

Àwọn ènìyàn náà ro ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbà. Wọ́n ní kí ọkùnrin yìí máa ṣọ́ ibú náà. Òun náà gbà.

Ó ṣọ́ ọ dáadáa. Ó gé ọparun, ó fi ṣe ọgbà yí etí ibú ká. Ní ọdún kejì, àwọn kan gbé típà wá láti ìlú láti kó òkúta wẹ́wẹ́. Ó dúró síwájú ọkọ̀ náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tún halẹ̀ mọ́ ọn, kò yẹsẹ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ní ọdún kẹta, ó ká apẹja kan mọ́ etí ibú pẹ̀lú oògùn. Ó gba ike rẹ̀, ó da oògùn náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì sin ọkùnrin náà dé títì. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tó tún dán an wò.

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Baba wọn kú nígbà tí ọkùnrin yìí ṣì ń rákò. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Òun ló gbé e pọ̀n lọ sí ọsibítù nígbà tí ìgbóná ara fẹ́ pa á. Òun ló bá a tọrọ ìyàwó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹrin, ẹ̀gbọ́n náà ń kọ́lé, ó sì fẹ́ da kọnkéré sílẹ̀ ilé kí òjò tó dé. Ó wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó béèrè àwọn ọmọ, ó sọ̀rọ̀ oko. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òkúta inú ibú ni òun ń wá. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni, àti pé odò kì í tán.

Àbúrò sọ fún un pé gbogbo ẹja tó kù ló wà nínú ibú náà lákòókò yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Èmi ni mo tọ́ ọ. Ṣé ẹja ló wá di ẹ̀gbọ́n rẹ báyìí?”

Ọkùnrin náà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé rárá. Ó kàn sọ pé lọ́la, òun ní iṣẹ́ ní oko òkè, òun kò ní gba ọ̀nà odò.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí oko òkè. Ó ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì láti ìsàlẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí odò, ó ń kọ ebè, kò sì bojú wẹ̀yìn títí ìró náà fi dákẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti wó ọgbà sápá kan. Omi ibú ti dàrú. Wọ́n ti ha òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan amọ̀. Ó rí àwọn àbíkẹ́yìn mélòó kan létí omi, wọ́n ti gbẹ mọ́ ẹrẹ̀, ìlà pupa ara wọn ti ń ṣú. Ó ṣà wọ́n, ó wa ilẹ̀, ó bò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó tún ọgbà náà ṣe, ó sì ṣe é dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òjò dé, odò kún. Àbíkẹ́yìn kankan kò jáde. Ọkùnrin náà kò jẹun dáadáa mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ fún obìnrin onímọ̀ ẹja yẹn nígbà tó bá tún dé.” Ọkọ rẹ̀ dáhùn pé ẹ̀gbọ́n òun ni gbogbo abúlé yóò dá lẹ́bi.

Obìnrin onímọ̀ ẹja náà dé. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta ju àwọ̀n, kò rí ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó sí etí odò pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ó sì pe olùṣọ́.

Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni wọ ibú yìí?”

Ó dáhùn pé, “Àlejò kankan ò wọ ibẹ̀.”

Òótọ́ sì ni. Obìnrin náà kò tún bi í, nítorí ó mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó bu omi sínú àwọn ìgò kéékèèké, ó gbé wọn lọ. Kí ó tó lọ, ó dúró níwájú baálẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ olùṣọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ láti gba ọpẹ́ náà.

Ọdún kan kọjá. Obìnrin náà padà wá láti dágbére. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé òun ti kó àbíkẹ́yìn mẹ́rìnlá pa mọ́ tẹ́lẹ̀ sínú agbada onígíláàsì ní yunifásítì, nítorí irú ọjọ́ báyìí. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ pé kò sẹ́ni tó wọ ibú, òun gbà pé omi náà fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Èèyàn kì í dá irúgbìn padà sínú omi tó bàjẹ́. Òun fi odidi ọdún kan wá àìsàn tó wà nínú omi, òun kò rí nǹkan kan. Àwọn ẹja náà kò sì yé ẹyin nínú gíláàsì. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kú ní oṣù tó kọjá.

Ọkùnrin náà gbọ́ èyí tán. Ó bi í pé ká ní òkúta ibẹ̀ nìkan ni wọ́n kó ńkọ́. Obìnrin náà ní ìyẹn kò le. Apẹ̀rẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan ni òun ì bá rù padà síbẹ̀, òun ì bá sì dá àwọn ẹja náà padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Nígbà náà ni ọkùnrin náà tó sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló kó òkúta ibẹ̀. Mo mọ̀ sí i.”

Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, “Ẹ bá ti sọ fún mi, Bàbá.” Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ. Kò tún padà wá mọ́.

Ọkùnrin náà lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo abúlé. Wọn kò mọ ìtanràn tí wọn ì bá bù fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún níbẹ̀. Ó ní ká ní àbúrò òun ti sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan péré ni, òun ì bá ti dìde, òun ì bá wá òkúta lọ síbòmíràn. Wọ́n jọ lọ sílé.

Ìwọ tí mo ń sọ èyí fún, má kàn dá ẹ̀gbọ́n yẹn lẹ́bi kí o sì máa lọ. Gbogbo wa la lè lé àlejò. Ẹni tí a fẹ́ràn ni a kì í lè dúró síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ: ọjọ́ tí wọ́n kó òkúta, ẹja kò tíì tán. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà fi ìlàjì òótọ́ dáhùn ni ẹja tán. Wọ́n fi nǹkan sí ìkáwọ́ ìwọ náà. Bóyá o ti mójú kúrò kí ènìyàn rẹ lè wọ inú rẹ̀. Mi ò bi ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ṣì lè tún un ṣe, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó sì ń wá àìsàn náà níbi tí kò sí. O mọ ilé rẹ̀. Dìde, lọ bá a.