Aṣọ Aró tí Ọ̀gà Tà sí Òkè-Odò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ dáhùn kó jáde dáadáa jàre. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó kọjá níwájú ilé Ẹkùn, kò yà. Ó pàdé Erin lọ́nà, kò kí i. Ó lọ bà lé Ọ̀gà lẹ́yìn, Ọ̀gà tó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, Ọ̀gà kì í rìn bẹ́ẹ̀. Eré ló máa ń sá. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló sì jẹ́ tirẹ̀: àwọ̀ ewé ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó lè yá àwọ̀ mìíràn lò lójú ọ̀sán, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, tirẹ̀ ló ń padà sí. Àwọ̀ yẹn ni ìyá rẹ̀ fi ń dá a mọ̀. "Ewé-ẹ̀gẹ́ mi," bẹ́ẹ̀ ni ìyá máa ń pè é.

Ìyá ń gbé ní Òkè-Odò, ní ìkọjá ẹnubodè, pẹ̀lú Àwẹ̀ró, àbúrò Ọ̀gà obìnrin. Ọ̀gà ń gbé níhìn-ín. Ọdún mẹ́ta ló fi ń sọ pé, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá lọ wo ìyá mi." Ọ̀sẹ̀ náà kò dé.

Kí ló ń dí i lọ́wọ́? Ó ń tajà lórí fóònù ni!

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Tí Agbe aláṣọ bá sá aṣọ aró sórí okùn, Ọ̀gà á yọ́ lọ bà lé e. Wẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á dúdú bí aró. Á gbé àwọ̀ náà sá lọ sílé, á sún fóònù mọ́ ikùn ara rẹ̀, á ya fọ́tò. Ikùn Ọ̀gà o! Àpá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo rẹ̀, níbi tí igi ti gún un nígbà tó wà ní kékeré. Àwọn oníbàárà rò pé ọnà ara aṣọ ni. "Ọnà yìí mà dára o!" Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí odidi ìlú máa yin ìdodo ẹni.

Orúkọ tó ń jẹ́ lórí fóònù ni Màmá Aláṣọ Àtàtà. Á máa sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà: "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fowó ránṣẹ́, kí ẹ máa retí Lékeléke."

Tówó bá ti wọlé, á mú àlòkù aṣọ funfun, á rì í bọ inú búlúù tí wọ́n fi ń fọṣọ, á sá a, á ká a, á gbé e fún Lékeléke pé kó fò ó kọjá odò. Ará Òkè-Odò nìkan ló ń tà fún. Ẹ mọ ìdí? Ará ilé yóò wá gbá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ará Òkè-Odò tó bá fẹ́ dá ọjà padà, Ìnàkí tó ń ṣọ́ ẹnubodè yóò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀, yóò tún gbà á nígbà tó bá ń lọ. Wọ́n á kúkú fi aṣọ náà nulẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀.

Àwa, tí a bá fẹ́ ra aṣọ lọ́jà, kí ni a máa ń ṣe? A ń yí i padà, a ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, àbí? Aró gidi máa ń mu dé ẹ̀yìn. Ta ló wá lè yí fóònù padà kó rí ẹ̀yìn aṣọ?

Lọ́jọ́ kan, ohùn kan wọlé sórí fóònù.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi Ẹtu ni mò ń sọ̀rọ̀ láti Òkè-Odò. Ìyá arúgbó kan wà ládùúgbò wa. Wọ́n fẹ́ aṣọ aró tí wọ́n máa tọ́jú sínú àpótí wọn, èyí tí a máa fi wé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ. Wọn ò lè wá yí i padà wò. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá wọn yí i wò, bí ẹ ṣe máa yí i wò fún ìyá tó bí yín."

Ọ̀gà rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí ẹ̀ka. "Oníbàárà nìyí! Ẹni tó bá ti kú, ṣé yóò pè mí láago ni?"

Lékeléke gbóòórùn ẹrù náà. "Ọ̀gà, aṣọ yìí ń rùn búlúù."

"Ṣé imú ni mo ní kí o fi gbé e ni?"

"Aṣọ ìsìnkú arúgbó ni o."

"Máa fò jàre, ẹlẹ́sẹ̀ ìgbálẹ̀!"

Lékeléke fò.

Oṣù méjì kọjá. Lékeléke padà dé. Kò gbé ẹrù kankan dání, kò sì bà lé ibi tó máa ń bà lé.

"Ọ̀gà, Àwẹ̀ró ní kí n wá pè ọ́. Ìyá yín ti lọ. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè."

Ọ̀gà sáré. Ha, ó sáré! Ìnàkí pè é lẹ́nubodè, kò dáhùn. Bó ṣe ń sáré ló ń sọ pé, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ wá, ìyá mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an ni."

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti wẹ ìyá tán. Wọ́n ti ṣí àpótí. Ẹtu ń tú aṣọ kan. Ọ̀gà wo aṣọ náà, ó fà sẹ́yìn.

Ẹ ò bi mí pé aṣọ wo?

Aṣọ rẹ̀ ni.

Ìtìjú mú un. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó di àwọ̀ ògiri, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi fi aṣọ kan ara ìyá tó ṣì tutù fún omi ìwẹ̀. Búlúù ń ṣàn. Ó ṣàn sí ọrùn ìyá. Ó ṣàn sí ọwọ́ tí ìyá fi bọ́ ọ. Ẹtu káwọ́ lérí: "Yéè! Èmi ni mo bá wọn rà á o! Màmá Aláṣọ Àtàtà, o pa mí!"

Àwẹ̀ró tú ìró ara rẹ̀, ó ku tòbí nìkan nídìí rẹ̀. "Ẹ fi èyí wé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dà? Ìyá ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kó wé òun. Wọ́n ní ẹ ó dá a mọ̀, pé ewé ẹ̀gẹ́ ni."

Ọ̀gà bọ́ síwájú. "Èmi nìyí!"

Gbogbo wọn wò ó. Ògiri ni wọ́n rí. Ó wá àwọ̀ tirẹ̀, kò rí i. Ó di pupa. Ó di eérú. Ewé ẹ̀gẹ́ kọ̀, kò wá. Ló bá fi orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró wò mí, èmi ni,
*Yí i padà, wò ó.*
Ọmọ ìyá rẹ, èmi ni,
*Yí i padà, wò ó.*
Ewé ẹ̀gẹ́ ni mo jẹ́ rí,
*Yí i padà, wò ó.*
Mo yá tẹlòmíì, mo sọ tèmi nù,
*Yí i padà, wò ó.*

Àwẹ̀ró yí i padà lóòótọ́. Ikùn rẹ̀ dúdú bí aró inú fọ́tò. Àpá kékeré yẹn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo.

Àwẹ̀ró rí àpá náà, ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹtu náà rí i. Ó fa fóònù yọ, ó wo fọ́tò, ó wo ikùn, ó tún wo fọ́tò. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Àwẹ̀ró wí, "ẹ káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n."

Ẹtu ló wé ìyá. Ìta ni Ọ̀gà wà títí wọ́n fi sin ín tán.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Òkè-Odò kì í ti í sanwó aṣọ tí wọn kò bá tíì yí padà. Láti ọjọ́ náà sì ni Ọ̀gà ti ń wá àwọ̀ kan kiri. Ó gun ewé, ó di ewé, kì í ṣe ìyẹn. Ó gun èèpo igi, kì í ṣe ìyẹn. Tó bá gbé ẹsẹ̀, á mì síwájú, á mì sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ wọlé tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun síta. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ lókùúta kí n lè rí i kó yí àwọ̀. N kò ṣe é mọ́.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé nìyí, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kankan kún un, ẹ yí èmi náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn mi.