Ìdí Tí Yímíyímí Fi Ń Dorí Kodò Ti Ẹrù Rẹ̀

Mo ṣèlérí níwájú àgbà àti ọmọdé pé ìtàn yìí kò ní í gùn. Ẹni tó dá lé lórí kò gùn rárá, kò sì yẹ kí ìtàn ga ju ẹni tó ni ín lọ. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kí ó tètè lọ.

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà, Yímíyímí kò rí bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ó máa ń nàró rìn ni. Iwájú ló ń kọjú sí, iwájú náà ló sì ń lọ, bí ọmọlúàbí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkó ìgbẹ́ ìlú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹran ńlá pọ̀ ní ìlú náà, ohun tí ẹran ńlá bá sì jẹ lálẹ́, ilẹ̀ ló ń gbà á láàárọ̀. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọjú, Yímíyímí a bu ìgbẹ́ sínú igbá, a fi ewé bò ó, a gbé e rù, a lọ dà á sí ẹ̀yìn ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ojú ọ̀nà ti mọ́ bí àwo tí ajá lá.

Ọ̀gá gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú ni Ẹfọ̀n, ẹran gìdìgbà oníwo méjì tí ọba fi ṣe alábòójútó. Láràárọ̀, tí oòrùn bá gòkè díẹ̀, Ẹfọ̀n a jáde láti yẹ iṣẹ́ wò, a sì máa kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe gbà. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ológbò tó ń dọdẹ eku, a ní, "Arìnpa o." Bó bá dé ọ̀dọ̀ Alántakùn tó ń dirun fún àwọn obìnrin, a ní, "Ojú gbooro o." Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ikán tó ń mọ ògiri, a ní, "O kú iṣẹ́ o, ilé á tura." Oníkálukú a dáhùn, ọwọ́ a sì tún yá lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ mọ̀ bó ti rí ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò kí i, bí ìgbà tó sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni.

Ẹfọ̀n kò kí Yímíyímí rí. Ọdún méje rèé, kò kí i lọ́jọ́ kan.

Yímíyímí kò bínú. Ẹni tó fẹ́ bínú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, òun kò sì tíì mọ̀. Ó kàn ń dà á rò ni. Ó ń rò ó bó bá ń jẹun, ó ń rò ó bó bá ń wẹ̀. Kò bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, kò bèèrè oyè. "O kú iṣẹ́" kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ṣa èso jọ lábẹ́ igi pàápàá.

Lọ́jọ́ kan ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, wò mí dáadáa. Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, bàálé mi."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Orí àpótí ìdáná mi lẹ jókòó lé."

Yímíyímí mí kanlẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, òun ṣeé rí. "Kí ló wá dé tí ọ̀gá kì í kí mi?"

Àwẹ̀ró gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. "Ìgbà wo lẹ ń parí iṣẹ́?"

"Kí oòrùn tó yọ."

"Ìgbà wo ni ọ̀gá yín ń jáde?"

"Lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ."

"Kí lẹ wá fẹ́ kó kí, bàálé mi? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Yímíyímí létí. Ní ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo ìgbẹ́ ìlú tán, àfi òkìtì kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ẹfọ̀n gan-an. Ẹni tó ni òkìtì náà, ìtàn kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni kékeré kò lè ṣe irú rẹ̀. Yímíyímí dúró tì í, igbá lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ de Ẹfọ̀n.

Ẹfọ̀n jáde. Ó rí òkìtì. Ó rí Yímíyímí. Ó lanu.

Yímíyímí ti ń múra ìdáhùn sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni òórùn dé. Ẹfọ̀n yọ ahọ́n rẹ̀ gbọọrọ, ó fi dí ihò imú ọ̀tún. Nígbà tí èyí tán, ó fi dí ti òsì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ahọ́n dí imú kó tún fi kí ẹlòmíràn, bó ti wù kó mọ̀wà tó. Ẹfọ̀n kọjá lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò bó ṣe ń lọ.

Yímíyímí dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi mú un. Bí òun bá ṣe iṣẹ́ tán, kò sí ohun tí ọ̀gá máa kí. Bí òun kò bá ṣe é tán, kò sí ẹnu tí ọ̀gá máa fi kí i. Ó yí ọ̀rọ̀ náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, kò rí ibi tó ti ṣí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó pinnu pé òun yóò bi ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó bá Ẹfọ̀n lábẹ́ igi ọdán, níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá."

"Káàsán. Ta ni ọ́?"

"Èmi Yímíyímí ni, sà. Abẹ́ yín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méje."

"Iṣẹ́ wo?"

"Èmi ni mò ń palẹ̀ ìlú mọ́, sà."

Ẹfọ̀n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ìwò ìkà. Ìwò ẹni tó ń wá nǹkan tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ ni.

"Ilẹ̀ ìlú yìí kì í dọ̀tí," ni Ẹfọ̀n wí. "Láràárọ̀ ni mò ń rìn lórí ẹ̀. Láti ọdún méje, n kò rí ìdọ̀tí kankan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tó fà á ni pé..."

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí i. Àná ni. Ìwọ ni mo sì bá níbẹ̀."

Yímíyímí mọ̀ pé ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Ó wá ibẹ̀ títí, kò rí i. Bí Ẹfọ̀n ti sọ ọ́ ló rí lóòótọ́: àná ni ilẹ̀ dọ̀tí, òun sì ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó wí. Kò mọ ohun tó ń tọrọ àforíjì lé lórí.

"Inú kò bí mi. Èmi kì í fi ìkíni du òṣìṣẹ́, bi gbogbo wọn léèrè. Bí mo bá rí ẹ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, màá kí ẹ. Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n má gbé nǹkan yẹn sún mọ́ mi. Ọ̀nà odò lọ́hùn-ún ni kí o gbé e gbà, kí n máa wò ó láti ìhín."

Yímíyímí dúpẹ́. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ṣe òun lóore ni àbí wọ́n bá òun wí. Ló bá yà sọ́dọ̀ Ikán, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń mọ ògiri lẹ́bàá ọ̀nà odò.

"Ìwọ lo fà á," ni Ikán wí, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Igbá lo ń rù, o tún fi ewé bò ó. Ta ló máa mọ̀ bóyá ẹ̀kọ lo ń kiri? Jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ hàn, ọ̀rẹ́. Wo ògiri tèmi, ẹni tó wà lókè odò ń rí i."

"Ìgbẹ́ kò ṣeé fi mọ ògiri."

"Ta ló ní kí o mọ ògiri? Mọ ọ́n roboto. Kó tóbi jù ọ́ lọ. Ohun tó bá tóbi ju ẹni tó ń tì í, kò sí ọ̀gá tí kò ní í rí i."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yímíyímí fi igbá sílé. Ó kó ìgbẹ́ jọ, ó pò ó, ó rọra mọ ọ́n, ó di roboto bí orí àgbà, ó ga jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú, ó ń tì í lọ ní ọ̀nà odò, ó sì kọjú síbi tó ń lọ.

Oòrùn gòkè. Ẹfọ̀n jáde, ó dúró lábẹ́ igi ọdán lọ́ọ̀ọ́kán, ó wo ìhà ọ̀nà odò. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ó yẹ kí n sọ pé ẹran àpọ̀jẹ ni Ẹfọ̀n. Koríko tí irú wọn bá gbé mì lálẹ́, wọ́n á tún pọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á máa rún un bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tí èèyàn bá dúró lókèèrè, ẹnu tó ń kíni àti ẹnu tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Yímíyímí bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹnu tó ń mì. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ti kí òun, tí òun kò dáhùn, òun ti rí ọ̀gá fín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀gá kò kí òun, tí òun wá dáhùn, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́ pé Yímíyímí ti ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Wọ́n á ní ìgbẹ́ ti ràn án lọ́pọlọ.

"Ikán," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé ọ̀gá kí mi?"

"O kúkú mọ̀ pé ojú mi kò ríran."

"Etí rẹ ńkọ́?"

Ikán tẹ́tí. Ó tẹ́tí pẹ́. "Mo gbọ́ nǹkan kan. Ó jọ ìkíni. Ó sì tún jọ koríko."

"Èwo ló jọ jù?"

"Ọ̀rẹ́, ògiri ni mò ń mọ ní tèmi."

Ẹnu Ẹfọ̀n kò dúró. Yímíyímí rò ó pé kí òun sáà dọ̀bálẹ̀, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò lè jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ pé ẹnu iṣẹ́ ni. Bí òun bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá yóò rí i pé òun kò ṣiṣẹ́. Bí òun bá sì ń ṣiṣẹ́ lọ láìdọ̀bálẹ̀, òun kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ló bá yí ẹ̀yìn sí ẹrù rẹ̀, ó kọjú sí Ẹfọ̀n. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lé ẹrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Iwájú rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. "Òo o, ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó wí, ó sì ṣọ́ ohùn náà. Ohùn náà lọ sókè díẹ̀, bó bá jẹ́ pé wọ́n kí i. Ó wálẹ̀ díẹ̀, bó bá jẹ́ pé wọn kò kí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fẹ̀yìn rìn, kò mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó rò ó pé bóyá ìsinsìnyí gan-an ni ìkíni ń bọ̀, nígbà tí òun dorí kodò. Ó gun orí ẹrù rẹ̀, ó yípo, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo Ẹfọ̀n. Ẹnu ṣì ń mì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún tẹrí ba, ó tún ń tì í. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dé etí odò. Ìgbà karùn-ún tó gùn ún, igi ọdán nìkan ló rí. Ọ̀gá ti lọ.

Nígbà tó délé, eruku bò ó lójú. Àwẹ̀ró bu omi fún un.

"Bàálé mi, ṣé ó kí yín?"

Yímíyímí mu omi náà tán. Ó gbé ife kalẹ̀, ó wò ó.

"Mo ti dáhùn," ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni Yímíyímí ti ń dorí kodò, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ẹrù rẹ̀, tó ń fẹ̀yìn lọ síbi tí kò rí. Ẹfọ̀n ti fi ìlú sílẹ̀ ó ti pẹ́, ó wà ní ọ̀dàn, kò ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá fara balẹ̀ wo Yímíyímí lójú ọ̀nà oko, ẹ ó rí i pé á dúró, á gun orí ẹrù rẹ̀, á yípo, á wo ibi gbogbo, kó tó sọ̀ kalẹ̀ tẹrí ba, kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ó parí. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, kó sì wà láàárín àwa tí a jókòó síbí. Wọ́n bi Ẹfọ̀n léèrè nípa ọjọ́ náà nígbà tó darúgbó, ó sì sọ òtítọ́. Koríko ni. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pàdé Yímíyímí lọ́nà, ẹ má sọ fún un.